Ara Ìyá Ọlọ́ṣẹ Ò Gbóná

"Ìyàwó tí wọ́n gbé wá sílé Fàsásì yẹn..."

"Èyí tó ti Yemẹ́tù wá?"

"Òun náà. Wọ́n gbé igbá omi fún Ìyá Ọlọ́ṣẹ pé kí wọ́n ṣan ẹsẹ̀ ẹ̀. Ìyá wo ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ, ló bá... Hùn. Ẹ jẹ́ n dákẹ́."

"Ló bá ṣe kí ni? Ìwọ Adéyẹ́misí, ọ̀rọ̀ kì í débi kó dùn kó o má gbé e mì!"

"Ló bá dá igbá padà. Etí mi yìí ló gbọ́ ọ, ẹ̀yìn wọn gan-an ni mo dúró sí. Ó ní ẹsẹ̀ ẹ̀ ò..."

"Ò kí ni?"

"Ṣé gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń sọ tán láàárín ọjà? Ẹ mú òwú yín, ẹ máa lọ. Ẹ má sì pe orúkọ mi mọ́ ọn o."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kúrò nídìí àtẹ òwú ní Ọjà'ba nìyẹn. Ó gun òkè Mápó, ó sọ̀ kalẹ̀ sí Bẹẹrẹ, ẹnu kọ̀ọ̀kan tó sì gbà á ń fi tiẹ̀ dí ibi tí Adéyẹ́misí fi sílẹ̀ lófìfo. Nígbà tó fi máa padà dé agbo ilé Fàsásì, ó ti di odindi: Ìyá Ọlọ́ṣẹ ní ẹsẹ̀ ìyàwó ò dáa, òun ò ní fọwọ́ òun kan ẹsẹ̀ tó ń gbé ibi wọlé.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ ni ìyá tó bí Fàsásì. Kò sí ẹni tó dàgbà tó o nínú agbo ilé náà mọ́. Láti ìgbà ọmọge ló ti ń se ọṣẹ dúdú, iná àti eérú sì ti sọ àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ di awọ. Gbogbo ìyàwó tó wọ ilé náà, ọwọ́ yẹn ló da omi sí wọn lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí ọwọ́ yẹn bá ti ṣan ẹsẹ̀ ẹ̀, ó ti di ará ilé nìyẹn, kò sẹ́ni tó tún lè bi í pé kí ló wá ṣe. Ẹni tí ọwọ́ yẹn ò ṣan tiẹ̀ ńkọ́? Wọn ò rí irú ẹ̀ rí, àfi Bọ́lánlé, ìyàwó tuntun náà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé Bọ́lánlé wá, aṣọ bò ó lójú. Ohun tó ń rí kò ju ẹsẹ̀ ara ẹ̀ lọ, àti ọpọ́n tí Èjìdé, ìyàwó kékeré Fàsásì, gbé dání lórí ìkúnlẹ̀. Àwọn obìnrin ilé ń kọrin, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ó rí ọwọ́ arúgbó kan tó na igbá omi wá. Ọwọ́ náà dúró lófurufú. Omi díẹ̀ ta sílẹ̀. Ohùn kan sọ nǹkan lábẹ́ orin, kò gbọ́ ọ yé. Ìgbà tó máa tún wò, Èjìdé ti gba igbá, ó ti nà án sí ẹlòmíì, ọwọ́ mìíràn ló sì da omi sí i lẹ́sẹ̀, wàrà-wàrà, bí ẹni ń ṣan àwo. Ọwọ́ Kúbúrá ni, ìyálé Èjìdé, ìyá tó bí Yésúfù, ọkọ Bọ́lánlé. Kúbúrá ló ń lé orin. Òun náà ò gbọ́ ohun tí Ìyá wí. Ohun tó mọ̀ ni pé ìyakọ òun kọ iṣẹ́ sílẹ̀ lójú àna, ó sì dùn ún dé egungun.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí ibà fi dá Èjìdé dùbúlẹ̀. Ọ̀fìnkìn kan wà nígboro lọ́dún náà, ọdún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún Ẹkùn Ìwọ̀-oòrùn ní ìjọba ara ẹni, kì í sì í ṣe ọ̀fìnkìn tí èèyàn ń fi ata àti omi gbígbóná lé lọ. Ó ń fọ́ èèyàn lórí, ó ń fọ́ eegun, ara á máa jó bí ààrò. Ìyá Èjìdé ti Bẹ́yẹrúnkà wá gbé ọmọ ẹ̀ lọ sílé kó lè rójú tọ́jú ẹ̀. Èjìdé ń wárìrì, ó ń sọ ìsọkúsọ lójú oorun. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé e lọ, ọ̀rọ̀ tó gbọ́ lẹ́nu Ìyá Ọlọ́ṣẹ sì bá a lọ.

Lẹ́yìn èyí, àìsàn náà mú àwọn ọmọ ilé lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ìyá ti rí i tẹ́lẹ̀," Kúbúrá wí bó ṣe ń ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn. "Ẹsẹ̀ ò tíì gbẹ tán lẹ́nu ọ̀nà tí àìsàn ti wọlé."

Bọ́lánlé wà níbẹ̀ tó ń gbálẹ̀. Ó tẹ orí mọ́ ọwọ̀, ó ń gbá ojú kan náà lọ, ó ń gbá a bọ̀.

Àwọn ọmọ ni kò jẹ́ kó sinmi. Ọmọbìnrin Kúbúrá kan wà tí ara ẹ̀ ti ń yá díẹ̀, Adúmáadán ni Bọ́lánlé ń pè é, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Adúmáadán dùbúlẹ̀ nídìí àmù, ó ń yọjú wo abẹ́ ìró ẹ̀.

"Ìyàwó, gbé ẹsẹ̀ ẹ sókè, jẹ́ n wò ó."

"Kí lẹ fẹ́ wò níbẹ̀, Adúmáadán?"

"Wọ́n ní ó burú. Mi ò sì rí nǹkan kan."

Bọ́lánlé fa ìró ẹ̀ sílẹ̀ títí ó fi bo ọmọ ìka ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ró aṣọ, tó fi ń gbá ilẹ̀ kiri.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ jókòó sínú yàrá ẹ̀ ní gbogbo àsìkò yìí. Kò jáde lọ sídìí ọṣẹ mọ́. Wọ́n gbé ẹ̀kọ fún un, ó wò ó, kò jẹ ẹ́. Ó pe Yésúfù ní orúkọ bàbá bàbá ẹ̀ tó ti kú tipẹ́, Yésúfù sì rò pé Ìyá fi òun ṣe ẹlẹ́yà ni. Yàrá yẹn ni àdí wà, ìkòkò àdí ńlá tí Ìyá fọwọ́ ara ẹ̀ yọ, òun sì ni wọ́n fi ń pa àwọn ọmọ lára nítorí gìrì. Nítorí náà, Kúbúrá ń wọlé lọ síbẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bó bá ti bu àdí tán, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn ìyakọ ẹ̀.

"Ara Ìyá tutù bí omi àmù," á wí fún àwọn tó wà lóde. "Kò sí nǹkan tó ń ṣe wọ́n. Inú ló ń bí wọn."

Fàsásì wọlé lọ dọ̀bálẹ̀. Àgbàlagbà ni, awọ ló ń ṣe, ó ń rán bàtà àti àpò ẹṣin fún àwọn ìjòyè. Ṣùgbọ́n ọmọ ni níwájú ìyá ẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹ ò bá fẹ́ ọmọ yìí, ẹ bá ti sọ kí a tó gbé e wálé. Ẹ̀ ń dójú tì wá."

Ìyá fa aṣọ bo èjìká. "Ó rẹ̀ mí," ó wí.

"Ó rẹ̀ wọ́n!" Kúbúrá pàtẹ́wọ́ lóde. "Ẹ wá wo àwọn tí àìsàn ń ṣe! Ọmọ mi ń gbóná tó fi jẹ́ pé èèyàn lè fi yan ẹ̀pà lórí ẹ̀. Ẹni tí ara ẹ̀ tutù, òun ló rẹ̀!"

Gbogbo wọn ni wọ́n mọ̀ pé àìsàn, ooru ara ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Bí ìyá wọn ṣe kọ́ wọn nìyẹn, ọwọ́ tí wọ́n sì fi kan ọrùn Ìyá Ọlọ́ṣẹ ò purọ́ fún wọn. Tútù ló bá.

Bọ́lánlé nìkan ni kò wọ yàrá náà rí. Ìyàwó tuntun ló yẹ kó máa gba omi ìwẹ̀ fún àgbà ilé, kó máa tẹ́ ẹní, kó máa kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀. Gbogbo yàrá yòókù ló ń ṣe é fún. Bó bá kan ti Ìyá, á kúnlẹ̀ lókèèrè, á kí ilẹ̀kùn, á dìde. Ojú ń tì í láti gbé ẹsẹ̀ tí wọ́n kọ̀ wọ inú ilé ẹni tó kọ̀ ọ́.

"O ti kí Ìyá?" Yésúfù bi í. Télọ̀ ni Yésúfù, Bẹẹrẹ ló ti ń ránṣọ.

"Mo kí wọn."

"Wọ́n dá ẹ lóhùn?"

Bọ́lánlé ń ṣa okùn kúrò lára ṣòkòtò ọkọ ẹ̀. "Ilẹ̀kùn ni mo kí," ó wí.

Yésúfù fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò jáde.

Ọ̀rọ̀ kì í gbé ibi kan. Ó dé Yemẹ́tù. Sàláúdéènì, ẹ̀gbọ́n bàbá Bọ́lánlé, tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí bàbá ẹ̀ kú, ránṣẹ́ sí Fàsásì: bí ẹsẹ̀ ọmọ àwọn bá wúwo jù fún ilé wọn, òun ń bọ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀ láti wá gbé e. Ó fi ìbínú sọ ọ́ láti fi gbèjà ọmọ ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Bọ́lánlé mọ ohun tó wà níwájú òun. Ìyàwó tí wọ́n dá padà nítorí pé kò mọ ọbẹ̀ sè, wọ́n lè kọ́ ọ ní ọbẹ̀. Èyí tí wọ́n dá padà nítorí ẹsẹ̀, ta ni yóò tún ṣí ilẹ̀kùn fún un? Ibi gbogbo tó bá dé ni yóò ti máa gbé ẹsẹ̀ náà lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣíwájú Jímọ̀ọ̀ ni Kúbúrá ní kó lọ kó eérú ààrò ẹ̀yìnkùlé, níbi tí wọ́n ti ń se àgbo fún àwọn ọmọ. Bọ́lánlé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan eérú, ó tutù, ó funfun nini. Ó ki àtẹ́lẹwọ́ bọ̀ ọ́ láti wà á sínú agbọ̀n. Iná jó o. Ẹ̀yinná wà nísàlẹ̀, pupa bí ojú ológìnní.

"Ìyàwó wa fẹ́ sun ara ẹ̀ jẹ!" Adúmáadán rẹ́rìn-ín.

"Fi àdí pa á," Kúbúrá wí, kò gbójú sókè. "Ó wà ní yàrá Ìyá. Lọ bù ú fúnra ẹ, ọmọ ń bẹ lẹ́sẹ̀ mi."

Bọ́lánlé dúró. Ọwọ́ ń ta á. Ó wo Kúbúrá bóyá yóò tún sọ nǹkan mìíràn. Kúbúrá ti yíjú sí ọmọ tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọ yàrá Ìyá Ọlọ́ṣẹ fún ìgbà àkọ́kọ́, tìtorí àdí.

Òórùn ọṣẹ kún ibẹ̀. Ẹ̀kọ àná wà nílẹ̀ tòun ti ewé ẹ̀, kò sẹ́ni tó tú u. Ìyá fẹ̀yìn ti ògiri, ètè ẹ̀ ti gbẹ, ó ń mí kíá-kíá bí òròmọdìyẹ tí òjò pa. Bọ́lánlé kúnlẹ̀, ó wo ilẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, mà. Ìyàwó Yésúfù."

"Ìyàwó ti dé?" Ojú arúgbó náà là díẹ̀. "Ṣé ó ti dé ẹnu ọ̀nà? Ẹ gbé omi wá. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ lórí ìdúró." Ó na ọwọ́ síwájú, ọwọ́ náà ń gbọ̀n, ó ń wá igbá tí kò sí níbẹ̀.

Bọ́lánlé fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn ẹ̀. Ó tutù, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wí. Ó fẹ́ mú ọwọ́ kúrò. Àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ tó jóná ń ta á. Ló bá tẹ ọwọ́ kejì mọ́ àyà Ìyá lábẹ́ aṣọ. Ọkàn ń sáré níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé, èémí sì ń hó nínú ẹ̀ bí ọbẹ̀ tó fẹ́ jóná. Ó wo èékánná ẹ̀, wọ́n ti ń dúdú.

Àwọn ará ilé náà ò tíì gbọ́ ohùn Bọ́lánlé kọjá ẹnu ọ̀nà rí. Ọjọ́ náà, wọ́n gbọ́ ọ dé ojú títì.

"Ẹ gbà mí o! Ẹ wá wo Ìyá! Kì í ṣe inú ló ń bí wọn o!"

Fàsásì àti Yésúfù gbé Ìyá sínú takisí lọ sí ọsibítù. Kúbúrá bá wọn lọ, Bọ́lánlé náà bá wọn lọ, nítorí pé aṣọ ẹ̀ ni Ìyá dì mú tí kò fi sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Evelyn ló gbà wọ́n, ọmọ ìlú wọn ni, kò pariwo mọ́ wọn.

"Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀?"

Wọ́n wo ara wọn.

"Kò bẹ̀rẹ̀," Kúbúrá wí. "Àwọn ọmọ ló ṣàìsàn nílé. Wọ́n gbóná gan-an, Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Ti Ìyá ò gbóná rárá. Àràárọ̀ ni mò ń fọwọ́ kàn wọ́n."

"Àìsàn kan náà ni," Evelyn wí. "Àwọn ọmọ yín gbóná nítorí pé ara wọn ń bá a jà. Ara ọ̀dọ́, bí àìsàn bá ti wọlé báyìí, á pariwo, á gbé kùmọ̀, gbogbo ilé á gbọ́. Ara àgbà ò lágbára ariwo mọ́. Àwọn tó ń ṣọ́ inú ẹ̀ ti darúgbó bí ẹni tó ni wọ́n. Wọn kì í tètè jí. Bí wọ́n bá jí, wọn ò lè sáré. Olè á ti kó ilé tán kí ooru tó jáde síta, ó sì lè má jáde rárá."

"Kí ni à bá fi mọ̀, nígbà náà?" Fàsásì bèèrè.

"Àgbà á kọ oúnjẹ. Á máa ṣi èèyàn pè. Á ní ó rẹ òun. Ṣé Ìyá yín ò sọ pé ó rẹ àwọn ni?"

Fàsásì ṣí fìlà ẹ̀, ó fi bo ojú. Kúbúrá na ọwọ́ tó fi ń kan ọrùn Ìyá síwájú ara ẹ̀, ó wò ó, ó wá ki í sábẹ́ ìró bí ẹni tí wọ́n bá ẹrù olè lọ́wọ́ ẹ̀. Bọ́lánlé wojú ilẹ̀. Ó ronú gbogbo àárọ̀ tó fi kí ilẹ̀kùn. Ìtìjú tó ti ń tì í tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ayé ló dá a sílẹ̀, ó lè dá wọn lẹ́bi. Èyí tuntun yìí, òun ló ni ín.

Wọ́n ní àìsàn náà ti sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n ní kí wọ́n máa ṣàdúrà. Kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀, Fàsásì tẹ̀ ba létí ìyá ẹ̀.

"Ìyá. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ìyàwó Yésúfù wá, kí lẹ sọ?"

"Ìyàwó wo?" Ìyá wí, ojú ẹ̀ ti tún pa dé. "Ṣé wọ́n ti gbé e wá ni?"

Bí Jímọ̀ọ̀ ṣe dé nìyẹn. Sàláúdéènì ti ìrun bọ̀, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Fàsásì, kò mu omi tí wọ́n gbé fún un. Àwọn obìnrin àdúgbò tó wá kí wọn kú ìtọ́jú Ìyá ti kún ibẹ̀, Adéyẹ́misí olówùú náà ti wá. Ẹrù Bọ́lánlé wà lẹ́sẹ̀ ògiri, òun fúnra ẹ̀ ló dì í.

"Mi ò wá bínú sí aláìsàn," Sàláúdéènì wí. "Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kí wọ́n tó dùbúlẹ̀ ti gba gbogbo ìlú kan. Bí Ìyá bá wá kú, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa sọ pé ọmọ mi ló pa wọ́n. Ayé ló máa sọ ọ́. Ẹ jẹ́ n máa gbé e lọ."

Kúbúrá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù náà, ó fẹsẹ̀ kan dènà ẹ̀, kò sì gbójú sókè.

Ẹnu ọ̀nà ṣókùnkùn. Èjìdé ló wọlé, ó ti Bẹ́yẹrúnkà bọ̀. Ó ti rù, gèlè ẹ̀ ti tóbi jù ú lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹ̀ ló fi rìn wá, ibà ti lọ lára ẹ̀ pátápátá. Ó kúnlẹ̀ kí wọn yíká, ó rí ẹrù nílẹ̀.

"Ta ló ń rìnrìn àjò?"

"Ìyàwó ni," Adúmáadán wí. "Wọ́n ń dá a padà, torí pé Ìyá ní ẹsẹ̀ ẹ̀ ò dáa."

"Ìyá wo ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìyá Ọlọ́ṣẹ. Lọ́jọ́ ìyàwó."

Èjìdé wo Kúbúrá, ó wo ọkọ ẹ̀. "Èmi ni mo gbé ọpọ́n. Etí mi ò jìnnà ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ sí ẹnu wọn. Kí ló dé tẹ́ ò bi mí?"

"Ara ẹ ń jóná nígbà náà," Kúbúrá wí wẹ́lẹ́. "O ò mọ èèyàn mọ́."

Adéyẹ́misí dìde, ó ń tún ìró ẹ̀ ró. "Ẹ jẹ́ n sáré wo àtẹ mi ná..."

"Jókòó, Adéyẹ́misí," Fàsásì wí. Ó yí sí ìyàwó ẹ̀. "Èjìdé, sọ ọ́ bó o ṣe gbọ́ ọ. Má fi nǹkan kún un, má yọ níbẹ̀."

Èjìdé kúnlẹ̀ síwájú Sàláúdéènì bó ṣe kúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó gbé ọpọ́n, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, nítorí pé ohùn ìsàlẹ̀ ni Ìyá fi sọ ọ́.

"Wọ́n ní: 'Èjìdé, gba igbá yìí lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ara mi ò sì dá. Gbé e fún Kúbúrá kó bá mi ṣan ẹsẹ̀ ọmọ náà dáadáa. Bó bá bọ́ lọ́wọ́ mi tó sì fọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, wọ́n á ní ẹsẹ̀ ẹ̀ ò dáa.'"